Bíréèkì Ni Ká Kọ́kọ́ Bèèrè

(Làmídì, mẹkáníìkì tí kò gbé ibòmíràn rí ju Ìbàdàn lọ, àti Àkànní, àbúrò rẹ̀ tó ti Stuttgart ní Jámánì wálé, ni wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Làmídì ní Mọ́kọ́lá.)

LÀMÍDÌ: Àkànní, wọ́n ní o ti ra Porsche. Ṣé òótọ́ ni, àbí àwọn ará ilé ló ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́?

ÀKÀNNÍ: Òótọ́ ni, Bọ̀dá mi. 911 Carrera ni, tuntun. Ilé-iṣẹ́ wọn gan-an ní Zuffenhausen ni mo ti lọ gbà á.

LÀMÍDÌ: Kú oríire o. Wàá fi rìn ire, kò ní dà ọ́. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ̀yìn náà ló ṣì wà?

ÀKÀNNÍ: Ẹ̀yìn náà ni. Iwájú tí ẹlòmíì ń gbé ẹ́ńjìnnì sí, báàgì ni mo ń kó síbẹ̀.

LÀMÍDÌ: Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu. Volkswagen Ìjàpá ni mo fi kọ́ṣẹ́. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá ní Volkswagen ti Nàìjíríà lójú ọ̀nà Badagry, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù tí kì í bá a nílẹ̀ nígbà náà. Písítìnnì mẹ́rin ló dùbúlẹ̀ sínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì. Atẹ́gùn ló ń tù ú, kò mọ ohun tó ń jẹ́ rédíétọ̀. Ọ̀gá mi máa ń sọ pé ẹbí kan náà ni Ìjàpá àti Porsche.

ÀKÀNNÍ: Ọ̀gá yín ò purọ́. Ferdinand Porsche ló ya Ìjàpá. Ferry ọmọ rẹ̀ ló ṣáájú iṣẹ́ 356, ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó jẹ́ orúkọ ìdílé wọn, ní 1948. Ferdinand Alexander, ọmọ Ferry, ló wá ya 911 tí wọ́n gbé jáde ní Frankfurt ní 1963. Ti tèmi náà, písítìnnì dùbúlẹ̀, àmọ́ mẹ́fà ni. Omi ló ń tù ú báyìí, tọ́bò méjì ló ń ràn án lọ́wọ́, agbára rẹ̀ sì tó ti ẹṣin 394.

LÀMÍDÌ: Ìjàpá tí mo mọ̀, tó o bá sá eré wọ kọ́nà, tó o wá ṣàdédé yọ ẹsẹ̀ lórí tọ́tù, ìdí rẹ̀ á fẹ́ ṣáájú orí. Tìrẹ ńkọ́?

ÀKÀNNÍ: Àwọn 911 àtijọ́ ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti gbé ọ̀pọ̀ awakọ̀ wọ igbó. Ti òde òní, wọ́n ti fẹ táyà ẹ̀yìn ju ti iwájú lọ, kọ̀ǹpútà sì ń ṣọ́ bí awakọ̀ ṣe ń ṣe. Àwọn ẹ̀rọ kan tún wà nítòsí táyà iwájú tó ń gbọ́ ìró omi tí táyà ń ta. Bí ojú ọ̀nà bá tutù, ọkọ̀ á kìlọ̀ fún yín.

LÀMÍDÌ: Ọkọ̀ tó ń gbọ́ òjò! Báwo ló wá ṣe rí lára lọ́jọ́ tó o kọ́kọ́ tẹná mọ́lẹ̀?

ÀKÀNNÍ: Mi ò tíì gbọdọ̀ tẹ ẹ́ nígbà yẹn. Ìwé tó bá ọkọ̀ wá sọ pé títí yóò fi rin kílómítà 3,000, kí n má jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yí kọjá 4,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ọkọ̀ tó lè sá kílómítà 294 ní wákàtí kan, mo ń rọra wà á bí ẹni tó kó ẹyin sẹ́yìn.

LÀMÍDÌ: Wọ́n mọṣẹ́. Bí mo bá fi ríǹgì tuntun sí ẹ́ńjìnnì tí mo ní kí oníbàárà rọra lò ó, ṣe ni á máa wò mí bí olè. Wọ́n tún ní lọ́dọ̀ yín, kò sẹ́ni tó ń bi awakọ̀ léèrè eré.

ÀKÀNNÍ: Lórí Autobahn nìkan ni, kì í sì í ṣe gbogbo ibẹ̀. Ìjọba ń gba awakọ̀ nímọ̀ràn pé kó má kọjá 130. Ìmọ̀ràn ni, àmọ́ bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó kọjá rẹ̀, ilé ẹjọ́ lè bù nínú ẹ̀bi fún un. Apá ọ̀tún ni kálukú gbọ́dọ̀ máa rìn, apá òsì la fi ń kọjá ẹni. Kódà, ẹni tó jẹ́ kí epo tán sí òun lójú ọ̀nà ti rú òfin. Mo dé 250 níbẹ̀, lówùúrọ̀ Sunday kan tí ọ̀nà dá.

LÀMÍDÌ: 250! Kí lo rí?

ÀKÀNNÍ: Iwájú nìkan ni mo rí. Ní irú eré yẹn, mítà 69 lọkọ̀ ń lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Lọ́ọ̀rì tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, kí n tó ṣẹ́jú, ó ti dé iwájú mi. Ẹ̀rù pọ̀ níbẹ̀ ju ayọ̀ lọ. Ibi tí ọkọ̀ ti wá dùn mọ́ mi ni ọ̀nà B500 tó gba inú igbó Schwarzwald láti Baden-Baden lọ sí Freudenstadt. Kọ́nà lórí kọ́nà ni, òfin ò sì gbà ju 100 lọ ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ibi tí mo bá yí sítíárì sí gẹ́lẹ́ ló ń lọ. Bí mo bá sì fẹsẹ̀ kan bíréèkì báyìí, ó ti dúró.

LÀMÍDÌ: 100 yẹn náà lòfin wa fún ọkọ̀ kéékèèké lórí ẹspirẹ́ẹ̀sì. Gbogbo owó yẹn, inú 100 ni adùn rẹ̀ wà! Ṣé o ò ní gbé e wálé?

ÀKÀNNÍ: Mo rò ó títí. Táyà rẹ̀ pẹlẹbẹ. Kòtò kan ṣoṣo á tẹ rímù. Bọ́m̀pù àdúgbò yìí nìkan á họ gbogbo abẹ́ rẹ̀.

LÀMÍDÌ: Fi sílẹ̀ níbẹ̀ jàre. Ọ̀rọ̀ tó o sọ nípa bíréèkì yẹn ló wù mí kí àwọn ọmọ wa gbọ́. Wọ́n ń ra Benz àti BMW tòkunbọ̀ alágbára, iye tó lè sá ni wọ́n kọ́kọ́ ń bi mí. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, iṣẹ́ tí bíréèkì máa ṣe á di ìlọ́po mẹ́rin. Àwọn kan á kówó ńlá lé ọkọ̀ tán, wọ́n á wá lọ ra táyà àlòkù lẹ́bàá títì.

ÀKÀNNÍ: Háà! Ti tèmi, fún eré tó tó 300 ni wọ́n ṣe táyà rẹ̀, mo ṣì ń yẹ atẹ́gùn rẹ̀ wò kí n tó bọ́ sọ́nà.

LÀMÍDÌ: Bó ṣe yẹ nìyẹn. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. Tó o bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni. Kí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ eré ka nọ́ńbà yẹn, kó yẹ bíréèkì wò, kó tó bèèrè iye tó lè sá. Ẹni tí kò bá sì lágbára àtira táyà tuntun mẹ́rin, kò tíì tó ẹni tó ń ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.