SFP Àjèjì Lára Switch

SFP, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tì bọ ojú ihò switch (ẹ̀rọ tí ń so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀) kí ó lè sọ iná mànàmáná di ìmọ́lẹ̀ tí ń gba inú okùn fáíbà kọjá, ní ìlànà tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ jọ fọwọ́ sí, nítorí náà ó yẹ kí èyí tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe bá switch mu. Ìmọ́lẹ̀ kọ́ ló sábà máa ń fa ìjà bí kò ṣe orúkọ: báìtì 20 sí 35 nínú ìrántí SFP ló gbé orúkọ ẹni tó ṣe é, ọ̀pọ̀ switch Cisco sì máa ń ti ojú ihò náà pa bí wọn kò bá dá a mọ̀, àfi tí alábòójútó bá tẹ àṣẹ service unsupported-transceiver. Ìfaradà, ìyẹn bóyá yóò tọ́jọ́, jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ pátápátá. Níbi tí SFP bá ti ń ròyìn ara rẹ̀, bí iná tí lésà ń fà bá ń gòkè nígbà tí agbára ìmọ́lẹ̀ ń rẹlẹ̀, lésà náà ti ń gbó nìyẹn. Nítorí náà, kí olùrà rí i pé ojúlówó SFP kan, ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe switch náà, wà nípamọ́ fún àyẹ̀wò.