Kí O Tó Wọn Gàrí, Yẹ Kọ́ńgò Wò

Ìbàdàn,
Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Kẹfà.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní ìwọ àti ẹnì kejì rẹ jọ wọn ìgbóná omi òkun lójú kan náà, ní wákàtí kan náà, ṣùgbọ́n iye tí ẹ rí kò dọ́gba. O wá bi mí pé èwo ni kí o yọ kúrò kí iṣẹ́ rẹ lè gún. Má yọ ìkankan. Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ sọ fún mi ni ohun tí ẹ fi wọ̀n ọ́n, àti bí ẹ ṣe wọ̀n ọ́n.

O rántí bí ìyá mi ṣe máa ń ra gàrí. Kí wọ́n tó bu ẹyọ kan fún un, á gba kọ́ńgò lọ́wọ́ ìyá ọlọ́jà, á dojú rẹ̀ dé, á fọwọ́ tẹ ìdí rẹ̀ wò bóyá wọ́n ti lù ú wọnú. Lẹ́yìn náà ni á tó wo gàrí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ òkun rí. Kò sẹ́ni tó lè gbé òkun wálé wá yẹ̀ wò. Gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀, inú kọ́ńgò kan ló gbà kọjá. Bí kọ́ńgò náà bá wọ́, ìmọ̀ wa ti wọ́ nìyẹn.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí korobá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn atukọ̀ a máa ju korobá sínú òkun, wọ́n á fà á sókè, wọ́n á ki tẹmómítà bọ̀ ọ́. Onígi wà, ti aṣọ tàpólì náà wà. O mọ ìdí tí omi àmù fi ń tutù: omi ń sun jáde lára ìkòkò, atẹ́gùn ń gbé e lọ, ooru inú omi sì ń bá a lọ. Ohun tó ń ṣe korobá aṣọ náà nìyẹn. Kí ó tó dé orí ọkọ̀, omi inú rẹ̀ ti tutù ju òkun tí wọ́n ti fà á lọ. Àwọn ọkọ̀ mìíràn kò lo korobá rárá. Omi tí ẹ́ńjìnnì ń fà wọlé láti fi mú ara rẹ̀ tutù ni wọ́n ń wọ̀n, ooru ẹ́ńjìnnì sì máa ń kó sí i lára.

Wo ohun tí èyí dá sílẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ ìgbóná òkun àgbáyé, iye já wálẹ̀ lójijì lọ́dún 1945, ní nǹkan bí 0.3 dígírì Celsius. Ìgbóná orí ilẹ̀ kò já bẹ́ẹ̀. Ọdún 2008 ni David Thompson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tú u palẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Nature. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, ọkọ̀ Amẹ́ríkà tó ń wọn omi ẹ́ńjìnnì ló mú nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 àkọsílẹ̀ náà wá. Bí ogun ṣe parí, ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì padà sójú omi pẹ̀lú korobá wọn, ó sì di pé àwọn ló ń mú nǹkan bí ìdajì wá. Òkun wà bó ṣe wà; kọ́ńgò ni wọ́n pààrọ̀.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2006. Àwọn onímọ̀ nípa òkun mẹ́ta, John Lyman, Josh Willis àti Gregory Johnson, kọ ọ́ síta pé omi apá òkè òkun tutù láàárín 2003 sí 2005. Ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì tó ń wọn gíga òkun ń sọ pé òkun ṣì ń ga sí i. Omi tó ń tutù máa ń sunkì ni, nítorí náà ọ̀rọ̀ méjèèjì kò bára mu. Willis padà sídìí iṣẹ́ ara rẹ̀. Ó bá ìṣòro lára àwọn kan nínú ẹ̀rọ Argo, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ tó ń rìn lábẹ́ omi, tí wọ́n máa ń gòkè láti nǹkan bí 2,000 mítà ní ọjọ́ mẹ́wàá-mẹ́wàá láti fi ohun tí wọ́n wọ̀n ránṣẹ́. Àwọn kan nínú wọn ń ṣi ìjìnlẹ̀ omi kà, òkun sì dà bí ẹni pé ó tutù ju bó ti rí lọ. Irinṣẹ́ àtijọ́ tí wọ́n ń jù láti inú ọkọ̀, tí a ń pè ní XBT, kì í wọn ìjìnlẹ̀ rárá. Iye ìṣẹ́jú àáyá tó ti fi ń rì ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, èyí sì ń mú kí òkun dà bí ẹni pé ó gbóná ju bó ti rí lọ. Bí Argo ṣe ń rọ́pò XBT, òkun bẹ̀rẹ̀ sí í “tutù” lórí ìwé. Ní 2007, àwọn mẹ́ta yìí kan náà kọ àtúnṣe síta, wọ́n fi orúkọ ara wọn sí i. Àbẹ̀kẹ́, ibẹ̀ ni mo ti mọ ẹni tó fẹ́ràn òtítọ́ ju orúkọ rẹ̀ lọ.

Ọ̀nà wà tí a fi ń dènà irú èyí. Láti nǹkan bí ọdún 1990 ni Andrew Dickson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí òkun Scripps, ní California, ti ń sẹ́ omi òkun, wọ́n ń pa ohun alààyè inú rẹ̀, wọ́n ń dì í sínú ìgò, wọ́n sì ń wọn kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ káàkiri ayé. Láàbù tó bá wọn omi ìgò náà tí iye tó rí kò bá èyí tí wọ́n kọ fún un mu, ilé ara rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Kọ́ńgò tí gbogbo ọjà fẹnu kò lé lórí nìyẹn. Lábẹ́ UNESCO náà, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Ocean Best Practices System, níbi tí àwọn olùwádìí ń kó ìlànà iṣẹ́ wọn sí kí ẹlòmíì lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Kà á.

Mo ní ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ iṣẹ́, tí mo ń wọn iyọ̀ omi ọ̀sà, iye kan jáde tí kò bá ti yòókù mu. Mo pa á rẹ́, mo kọ èyí tí ojú mi fẹ́ rí sípò rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan la rí i pé ẹ̀rọ náà ti ń ṣìnà. Bóyá iye tí mo pa rẹ́ yẹn ni ìbá sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ fún wa. Gbogbo àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn la kó dànù. Ó ń dùn mí di òní.

Nítorí náà, lọ́la, ẹ bu omi sínú korobá kan, ẹ ki tẹmómítà méjèèjì bọ̀ ọ́ pọ̀, ẹ dúró kí wọ́n fara balẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ. Ẹ tún un ṣe kí ẹ tó jáde lọ sórí omi, àti bí ẹ bá dé. Ẹ kọ irú korobá tí ẹ lò, bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́, àti iye ìṣẹ́jú tí omi fi wà lórí ọkọ̀ kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Bí iye kan bá rú yín lójú, ẹ fi àmì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ má pa á rẹ́.

Nínú lẹ́tà rẹ tó ń bọ̀, kọ iye méjèèjì sí mi bí wọ́n ṣe rí. Mò ń retí wọn.

Èmi ni,
Dádì Ìbàdàn.