Máàpù Tó Gbé Òkun Sọ́wọ́ Òsì

Ẹ jẹ́ ká fi ìrìn wa sí Eleko pa yín lẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ìyá ọ̀kan nínú wa ló fẹ́ ra ilẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni màmá fi dá àjọ. Ẹnì kan wá mú ìwé pélébé kan bá wọn lọ́jà. Wọ́n ya máàpù sí i: ilẹ̀ títà wà láàárín, òkun, ilé iṣẹ́ ìfọpo Dangote àti èbúté Lekki yí i ká bí ọmọ ṣe ń yí ìyá rẹ̀ ká nídìí ìkòkò ọbẹ̀. Wọ́n ní ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún ni láti oríta Eleko. Màmá ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ yunifásítì, ẹ bá mi lọ wò ó kí n tó sanwó."

Bí a ṣe wọkọ̀ ní Ajah báyìí ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀. Máàpù yìí fi Eleko sáàárín Lekki Phase 1 àti Ajah! Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé èèyàn á kúrò ní Ajah, á kọjá Sangotedo, Awoyaya àti Lakowe kó tó kan Eleko. Bí a sì ṣe ń lọ sápá Ẹ̀pẹ́ yẹn, ọwọ́ ọ̀tún wa ni òkun wà, ọ̀sà wà lósì. Máàpù gbé òkun sósì. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, àwọn ará Ìkòròdú ì bá ti máa gba owó ìwọlé etíkun.

Ní oríta, a fi ìwé náà han ìyá alákàrà kan. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, àbí ẹ dojú ẹ̀ dé ni?" A dojú ẹ̀ dé lóòótọ́. Òkun bọ́ sáyè rẹ̀, ṣùgbọ́n Ajah sá lọ sápá Ẹ̀pẹ́. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ọ̀kadà la wá gùn. Ìṣẹ́jú márùn-ún di ààbọ̀ wákàtí. Ibi tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé, àbàtà ni. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Nígbà tí à ń bọ̀, ẹni tó ń kọ́ jọ́gíráfì nínú wa sọ ìtàn kan. Lọ́dún 1798, James Rennell, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ya máàpù tó bá ìrìn àjò Mungo Park lọ. Ó to òkè gàgàrà lọ rẹrẹ káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ó pè é ní òkè Kong. Àwọn ayàwòrán yòókù ń wò ó kọ. Ìgbà tí Louis-Gustave Binger, ará Faransé, rìnrìn àjò lọ sí Kong láàárín 1887 sí 1889, ní ilẹ̀ tó di Côte d'Ivoire lónìí, ló tó rí i pé kò sí òkè ńlá kankan bẹ́ẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó pé àádọ́rùn-ún ọdún tí òkè tí kò sí fi wà nínú ìwé.

A ní àṣìṣe kan náà nìyẹn. Màmá mi orí. "Rárá o. Òyìnbó yẹn kò mọ̀ ni. Ẹ wo tiwa dáadáa. Yàtọ̀ sí òkun tó ṣìnà, ṣé ẹ rí àṣìṣe kan tó gbé ilẹ̀ yẹn jìnnà sí nǹkan? Gbogbo ẹ̀ ló ń fà á sún mọ́ ohun tó dáa. Kóńgò tí wọ́n bá tẹ ìdí ẹ̀ wọlé, ìgbà wo ló ṣe oníbàárà láǹfààní rí?"

A ò rí èsì fọ̀. Ọlọ́jà ló sọ̀rọ̀.

Owó màmá ṣì wà lọ́wọ́ alájọ. Máàpù náà wà lára ògiri yàrá wa, àlejò ń fi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, tí ẹ ń fowó ránṣẹ́ láti òkèèrè nítorí àwòrán orí fóònù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹnì kan débẹ̀ kí owó tó lọ. Tí ẹ bá dé oríta Eleko, ẹ bá wa kí ìyá alákàrà.