Ara Tó Fúyẹ́

Nínú èdè Yorùbá, ẹni tí a bá sọ fún pé ó sanra sí i, oríyìn ni a fún un. Bí ó bá ṣe pé ó rù, ìbéèrè ni yóò kọ́kọ́ gbọ́: "Ṣé kò sí o?" Kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu. Àwọn baba wa ló sọ pé bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ẹni tí ara rẹ̀ kún, ẹ̀rí ni pé ìṣẹ́ kò gbé ilé rẹ̀. Òótọ́ ni pé a ní ọ̀rọ̀ bíi pẹ́lẹ́ńgẹ́, ṣùgbọ́n ọmọge ni a fi ń yìn. Ta ni yóò fi í ki baba ọlọ́mọ?

Ọmọ ọdún 54 ni mo jẹ́ nígbà tí dókítà sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, àfi kí n dín ara kù. Kílò 100 géérégé ni òṣùwọ̀n kà. Mo bi í bóyá kí n padà sí kílò 70 tí mo jẹ́ nígbà tí mo gbé ìyàwó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kílò 7 péré ni òun ń wá, kí n sì fi oṣù mẹ́fà wá a. Iye náà kéré lójú mi, títí mo fi ka ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2002. Àwọn tí àtọ̀gbẹ ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lórí wọn ni wọ́n lò. Wọ́n ní kí apá kan fi ìdá 7 nínú 100 dín ìwọ̀n ara wọn kù, kí wọ́n sì máa fi ìṣẹ́jú 150 rìn lọ́sẹ̀. Iye àwọn tí àtọ̀gbẹ mú nínú wọn fi ìdá 58 nínú 100 kéré sí ti àwọn tó gba oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Àwọn tó lo ojúlówó oògùn, èyí tí à ń pè ní metformin, ìdá 31 ni tiwọn.

Kílò 7 kò tó ohun tí ojú ń rí lóde ìnáwó. Aṣọ wa pàápàá kò ní sọ: ṣòkòtò olókùn a máa gba ẹni tó sanra àti ẹni tó rù, agbádá a sì bo ìyókù. Bẹ́líìtì òyìnbó ló ń sọ òótọ́. Òṣùwọ̀n kì í fìgbà gbogbo sọ ọ́, nítorí omi àti iyọ̀ lásán lè fi kílò kan kún ìwọ̀n ènìyàn láàrin ọjọ́ kan. Ìdí nìyí tí mo fi ń gùn ún lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, láàárọ̀ Sátidé, kí n tó fẹnu kan nǹkan. Iyán ńkọ́? Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí. N kò búra pé n kò ní jẹ ẹ́ mọ́. Ẹni tó bá búra bẹ́ẹ̀ ní Iléṣà, ẹ bi í léèrè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ Ìsinmi ni mo fi iyán sí. Ní ọjọ́ yòókù, ẹ̀fọ́ ni mo fi ń dí àyè tí òkèlè fi sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ẹnu ènìyàn. Láti ìgbà tí ìròyìn àrùn éèdì ti gba ìlú kan ní àwọn ọdún 1990, rírù ti di ohun tí a fi ń dá ènìyàn lẹ́jọ́. Nígbà tí mo ti fi kílò 5 sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí wọ yàrá níbi ìnáwó òkú kan nílé wa.

"Àbúrò mi, kí lo ń fi pamọ́ fún mi?"

"Kò sí nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n mi. Dókítà ló ní kí n dín ara kù."

"Dókítà wo ló ń ní kí ènìyàn máa rù?" Omi ti lé ròrò sí i lójú.

Mo wá ọ̀rọ̀ tí mo lè fi tù ú nínú, n kò rí i nínú èdè tí mo fi ń jẹun, àfi ìgbà tí mo rántí ohun tí òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ bí ibà bá fi í sílẹ̀.

"Kì í ṣe pé mo rù, ẹ̀gbọ́n mi. Ara mi ló fúyẹ́."

Ó wò mí lọ, ó wò mí bọ̀, ó ní kí n gun àtẹ̀gùn ilé náà lọ sókè, kí n sì sọ̀ kalẹ̀, kí òun rí i. Mo gùn ún. N kò mí hẹlẹ. Ó nu ojú rẹ̀.

Bí ìrìn ìrọ̀lẹ́ bá ti ń sú mi báyìí, àtẹ̀gùn yẹn ni mo ń rántí. Kílò 93 ni mo wà. Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, ìnáwó ọdún gbé mi dé 95. Ìparí oṣù Kejì ni mo tó padà.