Igi Irúgbá àti Àdán

Ní Òkè-Ògùn tí a bí mi sí, igi irúgbá ńlá kan wà lóko bàbá mi. Orí rẹ̀ fẹ̀ bí agboòrùn, abẹ́ rẹ̀ ni a sì ti ń sinmi. Hóró rẹ̀ ni ìyá mi fi ń ṣe irú tí wọ́n ń tà, owó irú yìí sì wà lára ohun tí ó gbé mi dé ilé-ìwé gíga.

Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, òdòdó pupa rògòdò-rògòdò a máa rọ̀ lára igi náà bí ìgbà tí a fi okùn so bọ́ọ̀lù kọ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú, àdán a dé. Èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi a máa fi kànnàkànnà lé wọn, nítorí a gbà pé wọ́n ń ba òdòdó jẹ́. Bí igi kò bá so dáadáa lọ́dún kan, àdán ni à ń dá lẹ́bi.

Mo ti di olùkọ́ kí n tó kà nípa ìran igi yìí. Robert Brown, onímọ̀ ewéko ọmọ Scotland, ni ó sọ ọ́ ní Parkia ní ọdún 1826, ní ìrántí Mungo Park tí ó bá odò Ọya lọ ní Bússà ní ọdún 1806. Ìdílé kan náà ni igi yìí àti ẹ̀wà: inú àpò èso gígùn pẹlẹbẹ ni hóró wọn ń wà. Òdòdó kéékèèké àìmọye ni ó pé jọ di rògòdò kan. Àwọn kan ń pèsè omi dídùn, àwọn mìíràn ni ó ń di èso. Òru ni wọ́n ń tanná. Bí àdán ti ń lá omi dídùn náà, lẹ́búlẹ́bú òdòdó a lẹ̀ mọ́ ọn lára, a sì gbé e dé orí igi mìíràn. Àṣé alábàáṣiṣẹ́ ìyá mi ni à ń sọ lókò!

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní òwe pé bí a kò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Mo ń túmọ̀ òwe, mo ń ṣàlàyé ìlò rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ àdán. Ìyá mi ti papò dà kí n tó mọ̀ ọ́n. N kò rí i sọ fún wọn. Wọ́n sì ti gé igi náà sun èédú.

Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, bí ẹ bá ń kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ náà ‘irú’, ẹ mú un dé ìdí igi kí igi tó tán.