Oúnjẹ Ewúrẹ́ àti Omi Ọmú Rẹ̀

Obìnrin opó kan wà ní abúlé kan ní agbègbè Òkè-Ògùn tí ó ra abo ewúrẹ́ kan tí ó lóyún. Èrò ọkàn rẹ̀ ni láti tọ́ àwọn ọmọ ẹran náà dàgbà, kí ó sì fi owó wọn san owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀. Nítorí pé àkókò òjò ni, ó so ewúrẹ́ náà mọ́lẹ̀ kí ó má baà ba oko olóko jẹ́. Èèpo ẹ̀gẹ́ nìkan ni ó ń dà sí i láràárọ̀. Nígbà tí ó ṣe, ewúrẹ́ náà bí ìbejì, ṣùgbọ́n ọmú rẹ̀ kò ní nǹkan nínú. Ní ọjọ́ kẹrin, ọmọ kan kú. Àwọn aládùúgbò ní iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni. Ṣùgbọ́n bàbá kan tí ó ti pẹ́ nídìí ẹran sísìn wò ó, ó ní, “Ìyàwó wa, kò sí ayé níbẹ̀ o. Ebi ni.”

Òótọ́ ni bàbá náà sọ. Inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni wàrà funfun ń ti inú koríko tútù jáde. Àpò 4 ni ó wà nínú ikùn ewúrẹ́. Èyí tí ó tóbi jù nínú wọn dàbí ìkòkò tí a fi ń rẹ ògì. Ibẹ̀ ni ewé tí ẹran náà sáré gbé mì ń lọ, láti ibẹ̀ ni ó sì ti ń pọ̀ ọ́ padà sí ẹnu láti jẹ àpọ̀jẹ. Àìmọye kòkòrò tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń gbé inú àpò yìí. Wọ́n ń sọ koríko di èròjà kíkan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé lọ sí ọmú, ibẹ̀ ni a sì ti ń fi ṣe ọ̀rá inú wàrà.

Nítorí náà, koríko àti ewé igi, bí ewé ìyeyè, ni ìpìlẹ̀ oúnjẹ ewúrẹ́. Ewé ẹ̀wà àti ewé ẹ̀pà ń fún un ní èròjà amúaradàgbà, èyí tí wàrà kò lè ṣe aláìní. Èèrí ògì àti èèpo iṣu ń fún un ní agbára. Èèpo ẹ̀gẹ́ náà dára, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ sá a gbẹ, nítorí pé májèlé wà nínú èyí tí ó tútù. A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé omi: nínú ìwọ̀n wàrà 100, bíi 87 ni ó jẹ́ omi. Ewúrẹ́ tí òùngbẹ ń gbẹ kò lè fún ọmọ rẹ̀ ní ọmú tó.

Kì í ṣe ọjọ́ ìbímọ ni a ń ṣẹ̀ṣẹ̀ wá oúnjẹ fún ewúrẹ́. Nǹkan bí oṣù 5 ni ó fi ń lóyún. Ní oṣù 2 tí ó kẹ́yìn ni ọmọ inú rẹ̀ ń dàgbà jù lọ, tí ọmú sì ń múra sílẹ̀. Lẹ́yìn ìbímọ, wàrà yóò máa pọ̀ sí i títí di bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 8. Ní àkókò yìí, ẹran náà a máa ná ọ̀rá ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń ná owó tí ó ti kó pamọ́. Èyí tí kò ní ìpamọ́ yóò rù, ọmú rẹ̀ yóò sì gbẹ.

Òfin kan náà ni ó de ewúrẹ́ funfun tí a ń pè ní Saanen, tí ó ṣẹ̀ wá láti ilẹ̀ Switzerland, tí a sì ń sìn nítorí wàrà rẹ̀ púpọ̀. Bí a bá fún un ní ọkà ní àfúnjù, inú rẹ̀ yóò kan, kò ní lè jẹun mọ́, wàrà rẹ̀ yóò sì já wálẹ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Obìnrin opó náà gba ọ̀rọ̀ bàbá náà gbọ́. Láràárọ̀ ni ó ń já ewé, tí ó ń sá èèpo, tí ó sì ń gbé omi tútù kalẹ̀. Kò pẹ́ tí ọmú ẹran náà fi kún, ọmọ tí ó kù sì yè. Ní ìbímọ tí ó tẹ̀lé e, ìbejì ni ó tún bí, kò sì sí èyí tí ó kú nínú wọn. Owó àwọn ẹran wọ̀nyí ni ọmọ rẹ̀ fi wọ ilé-ìwé. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ wàrà nínú ọmú ewúrẹ́, kí ó kọ́kọ́ wo ohun tí ó fi sí i lẹ́nu.