Iyọ̀ Bàbá Àgbà

Ẹ̀ẹ̀rùn ni, oòrùn ń ta ni lórí. Mo bá Bàbá àgbà lọ ra bátìrì rédíò àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n tún ní ká ra iyọ̀. Iyọ̀ ọ̀rá mẹ́rin ló wà nílé o!

"Ta ló fẹ́ jẹ ẹ́, Bàbá?"

Abẹ́ igi la ti sinmi kí wọ́n tó fèsì. Wọ́n wà lára ọmọ ogun Adékúnlé tó gba Port Harcourt lọ́dún 1968. Ìjọba ti dínà mọ́ Biafra, iyọ̀ ò wọlé mọ́.

"Obìnrin kan tú ìró ìdí ẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n bu ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ kan fóun."

"Ẹ bù ú fún un?"

Àgbà ò kúkú ń sọ tán. Bàbá dìde.

"Jẹ́ ká yára, wọ́n á ti kẹ́mísì."